Ààlà Tó Ń Rìn

Okùn náà kò dé ibẹ̀ mọ́.

Namutosi ti so orí rẹ̀ kan mọ́ ìdí àpáta dúdú tó wà lókè téńté, ó sì ti fà á sọ̀ kalẹ̀ gba àárín igi kọfí Walimbwa, àbúrò ọkọ rẹ̀, títí okùn fi le tantan. Okùn yìí ni Musamali, ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, fi wọn ilẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá wọn pín òkè fún òun àti àbúrò rẹ̀. Láti ibi àpáta dé ìlà pèrègún tó pààlà oko méjèèjì, okùn yìí ló ṣe rẹ́gí, kò lé, kò dín. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, orí okùn wà lọ́wọ́ Namutosi, ìlà pèrègún sì wà níwájú rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, nísàlẹ̀, nínú ilẹ̀ tirẹ̀.

"Olè!" ló pariwo. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ de ẹni tó ni ín ni.

Ẹni tó ni ín jáde láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Walimbwa kì í yára, bẹ́ẹ̀ ni kì í bínú, ìyẹn gan-an sì ni Namutosi kò lè fara mọ́ nínú ìwà rẹ̀.

"Mulamwa, ṣé kò sí o? Àkùkọ ò tíì kọ, ìwọ ti kọ."

Mulamwa ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọkọ ń pe ara wọn lórí òkè Masaba. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni.

"Má pè mí ní mulamwa! Mulamwa kì í jí ilẹ̀ opó. Wo okùn ẹ̀gbọ́n ẹ. Wò ó dáadáa, ojú ẹ ò kúkú fọ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta lo fi gbé pèrègún wọ inú oko mi. Ìgbà wo lo ṣe é? Ṣé ìgbà tí mo lọ síbi ìsìnkú ni àbí ìgbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Okùn ló sún kì. Okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti wà lájà láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣé o fẹ́ kó máa dàgbà ni?"

"Orí ẹ ló sún kì!"

Walimbwa mu tíì rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn," ló wí, ó sì wọlé.

Ní Bumasola, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí Namutosi kò tíì bá jà. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, orúnkún ọ̀tún ń dùn ún, ohùn rẹ̀ sì ń dé etí odò. Àwọn ará abúlé gbà pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Wọ́n ṣì í gbà. A kò bí ìbínú mọ́ obìnrin yìí. Ó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí òkè bàbá rẹ̀ ya, ní abúlé mìíràn lápá àríwá. Àwọn tí kò gbé lórí òkè rí máa ń rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni òkè ń ya, pé bó bá ti ya, ó parí. Àṣìṣe ni. Ọjọ́ tó ya, ó pa èèyàn mọ́kànlá, ẹ̀gbọ́n Namutosi obìnrin sì wà nínú wọn. Wọ́n sin wọ́n, wọ́n sunkún, wọ́n rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n ibi tó ya náà dà bí egbò tí kò ní èèpá: kò sí koríko, kò sí gbòǹgbò, kò sí igi tí yóò di ilẹ̀ mú. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ ló ń bù nínú rẹ̀. Odò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìkòkò omi tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ lálẹ́, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ á ti ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Yanrìn àti òkúta bo oko kókò tó wà létí odò. Àgbàrá gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ egbò náà, kòtò bí kòtò mìíràn, títí àwọn oko tí òkè kò fọwọ́ kàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọ inú rẹ̀. Ọdún méje gbáko ni. Òkè tó ya pa èèyàn mọ́kànlá. Ilẹ̀ tó ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ ló lé gbogbo abúlé kúrò nílé. Bàbá Namutosi kú sí oko olóko, níbi tó ti ń ṣa kọfí fún ẹlòmíràn.

Láti ìgbà náà ni kò ti lè rí ilẹ̀ tó ń ṣàn kí ó dákẹ́. Nígbà tí Musamali gbé e níyàwó wá sí Bumasola, ohun àkọ́kọ́ tó béèrè kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń dáná. Ó béèrè ibi tí àgbàrá ń gbà. Ní ìparí gbogbo òjò, á wa ilẹ̀ tó ti ṣàn jọ sí ìdí oko, á dà á sínú apẹ̀rẹ̀, á rù ú gòkè, á sì tún un dà sí ìdí kọfí tó ti wá. Àwọn obìnrin máa ń dúró wò ó lójú ọ̀nà.

"Ìyàwó Musamali ń ru òkè padà sórí òkè!"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," á dá wọn lóhùn, "ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi oko yín bọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀."

Musamali kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́dún kejì, òun náà wá apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Báyìí ni tọkọtaya náà ṣe gbé fún ọdún méjìdínlógún, wọ́n bí ọmọbìnrin méjì tí wọ́n ti lọ sí ilé ọkọ báyìí, títí ikọ́ fi mú Musamali lọ. Lẹ́yìn tó kú, apẹ̀rẹ̀ di ẹyọ kan, ìbínú sì di ìlọ́po méjì. Namutosi ń sọ òkò sí àwọn ọmọ tó bá sáré gba àárín oko sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ̀ láti kí olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún kan gbáko nítorí pé ọkùnrin náà kọ ebè rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ dípò kí ó kọ ọ́ ní ìbú.

Ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ètò àgbẹ̀ kan gòkè wá láti ìlú pẹ̀lú bàtà òjò tuntun. Wọ́n ní kí olúkúlùkù gbẹ́ yàrà gígùn la ìbú oko rẹ̀ já, kí omi òjò lè dúró nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ mu ún díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Namutosi bí oyin. Ẹnì kan wá sọ ohun tó ti ń pariwo láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ló ń lọ láti ilé dé ilé. Òun ló ń bú ẹni tí yàrà rẹ̀ kò bá jìn. Walimbwa nìkan ló ṣẹ́kù. Ó ní òkè òun ga jù, pé bàbá àwọn kò gbẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Namutosi fi bú u: lójú ọ̀nà odò, níbi tí wọ́n ti ń wọn kọfí, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pè é ní ọ̀lẹ. Ó pè é ní aṣọ tí kò ní èèyàn nínú. Níkẹyìn, Walimbwa gbé ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ yàrà tó jìn dé ìbàdí sábẹ́ àpáta dúdú, láti ìpẹ̀kun oko rẹ̀ dé ìpẹ̀kun kejì. Tirẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ yà ní fọ́tò. Bí òjò bá rọ̀ lọ́sàn-án, yàrà náà á kún. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, kò ní sí ẹ̀kán omi nínú rẹ̀.

"Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe ń mu ún," ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ wí, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Namutosi ló pàtẹ́wọ́ jù.

Yàrà kò ní àbùkù lórí ilẹ̀ tó bá dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ó dára níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n òkè Bumasola dúró bí ògiri, amọ̀ tó ń yọ̀ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ dúdú rẹ̀, àpáta ló sì wà lábẹ́ amọ̀. Ẹni tó bá ń da omi sáàárín amọ̀ àti àpáta, ó ń fi ọṣẹ pa àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ru ẹrù. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ kí ṣọ́bìrì tó wọlẹ̀.

Ẹjọ́ ìṣísẹ̀ mẹ́ta dé iwájú alága abúlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Khaukha ni orúkọ alága, àgbàlagbà tó fẹ́ràn àwàdà ju ẹjọ́ lọ. Ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì òkè, lórí àpáta. Namutosi tẹ́ okùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu nígbà tí Nabifo dìde. Nabifo ni oko àti ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ oko Namutosi. Ọmọ márùn-ún ló ní, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú, ahọ́n rẹ̀ sì mú bí abẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màyí, ìyẹn ìyá, ló ń pe Namutosi.

"Bàbá alága, kí ẹ tó gbọ́ ti ẹni tí wọ́n jà lólè, ẹ gbọ́ ti ẹni tí òun náà jà lólè. Pèrègún tó wà láàárín èmi àti màyí yìí ti wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi. Mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà ìkórè. Ó ní ojú mi ló ń ṣe mí."

"Ojú ẹ ló ń ṣe ẹ́! Ta ló fẹ́ jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ tó rí bí ìka aláìsàn yẹn?"

"Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná." Khaukha gbé ọwọ́ sókè. "Walimbwa jí ti Namutosi. Namutosi jí ti Nabifo. Nabifo, ìwọ ńkọ́, ti ta ni ìwọ jí?"

"Lẹ́yìn tèmi, odò ló kù, bàbá."

"Ó dáa, Nabifo ń jí odò. Ṣé kò sí olè kan ṣoṣo ní Bumasola tó lè jí nǹkan gòkè ni? Gbogbo yín lẹ̀ ń jí sísàlẹ̀!"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Namutosi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú, nítorí láti ìgbà tó ti dé Bumasola, kò sí ẹni tó rí i kí ó la ẹnu lásán rí.

Khaukha sún ẹjọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ó sì rán wọn létí òfin: ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́ ilẹ̀, tó lọ sun ibòmíràn kí ẹjọ́ tó parí, ó ti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tó dúró.

Namutosi kò lọ sílé. Orí òkè ló gbà lọ. Ó wọ inú yàrà Walimbwa, ó fi ọwọ́ ro koríko tó bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì rí i. Ilẹ̀ ti là. Ó là láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bí ẹ̀yìn búrẹ́dì ṣe máa ń là nínú iná. Namutosi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ wọlé dé èjìká, atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí i níka. Ó gbọ́ ohùn omi nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni omi tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ti ń lọ láti ọdún méjì. Walimbwa kò sún pèrègún. Òun náà kò sún ti Nabifo. Òkè ló ń rìn, ó sì ru ààlà gbogbo wọn dání.

Ìbínú tó gbé e lọ́jọ́ náà kò rí ẹni tí yóò bà lé lórí àfi òun fúnra rẹ̀. Ó bú ara rẹ̀ ní gbogbo orúkọ tó ti fi bú Walimbwa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì fi méjì kún un. Lẹ́yìn náà, ó wá ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹ̀gbẹ́ yàrà kí omi lè gba orí àpáta ẹ̀gbẹ́ oko lọ dípò kó wọ inú ilẹ̀. Kò tíì là á tó ìbú ẹsẹ̀ kan nígbà tí Walimbwa dé.

"Kí lò ń ṣe sí yàrà mi?"

"Mò ń là á. Òkè ń bọ̀, Walimbwa. Kó ìyàwó ẹ àtàwọn ọmọ ẹ, ẹ lọ sọ́dọ̀ alága."

"Yàrà tó o bú mi fún? Tó o pè mí ní aṣọ tí kò ní èèyàn nínú?"

"Mo ṣe àṣìṣe."

Walimbwa di igi ọkọ́ mú. "Ká ní o bú mi ni," ó wí jẹ́jẹ́, "ǹ bá gbà ẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ, Namutosi, kó o ṣe àṣìṣe? Ìṣísẹ̀ mẹ́ta yẹn lò ń wá. Tí mo bá sun ilé alága lálẹ́ òní, ilẹ̀ mi ti di tìẹ." Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dí ibi tó là padà.

Namutosi pe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ lórí fóònù. Ọ̀gá ní ẹni tó bá ba yàrà jẹ́ yóò fojú ba ilé ẹjọ́. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ilẹ̀. "Màyí, ẹ fọkàn balẹ̀. A ti kàwé lórí nǹkan wọ̀nyí."

"Ìwé tó o kà, ṣé òkè náà kà á?"

Ọ̀gá ti pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Ọjọ́rú, òjò tó ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ Ìṣẹ́gun kò dá. Namutosi se malewa, èéhù oparun tí wọ́n fi èéfín yan, ó fi ẹ̀pà lílọ̀ sí i, ó gbé e lọ sílé Nabifo, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nínú ẹrẹ̀. Orúnkún tó ń dùn ún ló kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Nabifo wo àwo ọbẹ̀ bí ẹni wo ejò. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Kí ẹnikẹ́ni má baà kú ni mo ṣe wá. Nabifo, mo bẹ̀ ẹ́, kó àwọn ọmọ ẹ kúrò níbí. Òkè yìí ń yọ̀. Ìwọ lo sọ òótọ́ nípa pèrègún yẹn, èmi ni mi ò gbọ́."

"Màyí, ẹ ò bẹ̀ mí nígbà tí ewúrẹ́ yín jẹ ẹ̀wà mi tán. Ẹ ò bẹ̀ mí nígbà tí ẹ sọ òkò lu ọmọ mi. Òní lẹ wá mọ ẹ̀bẹ̀? Ẹjọ́ ku ọjọ́ méjì, ẹ wá ń fi ọbẹ̀ lé mi kúrò nílé. Ẹ gbé ọbẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká máa bú ara wa bá a ṣe ń ṣe é, ìyẹn ló yé mi."

Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tó bá ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ, kó fi èyí kún un: sùúrù tí aráyé kò bá lára ẹni tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀wù tó jí gbé ló ń rí lójú wọn. Namutosi bẹ̀bẹ̀ ní ilé mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ pọn omi ní ìsun tó wà ní ìdí òkè. Ìsun ti gbẹ. Nínú òjò tó ń rọ̀ láti ọjọ́ kẹta, ìsun gbẹ. Ní ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀ sí i, omi pupa ń tú jáde láti ibi tí omi kò ti jáde rí. Ó gbójú sókè: àwọn igi kọfí rẹ̀ ti dẹ̀gbẹ́, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, bí àwọn tó ń ti ibi ọtí bọ̀. Namutosi ju garawa sílẹ̀, ó lọ sílé, ó sì mú àdá.

Ní Bumasola, ẹni tó bá pààyàn lè sá, kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹni tó bá fa pèrègún ààlà tu, kò sí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ìlà ti Walimbwa ni Namutosi fi bẹ̀rẹ̀. Ó fi àdá ro ìdí pèrègún náà, ó fà á, ó tu, ó mú òmíràn.

"Walimbwa! Jáde wá wo ààlà ẹ! Mo ti fà á tu! Láti òní lọ, tèmi ni gbogbo ẹ̀, títí dé àpáta, títí dé abẹ́ ibùsùn ẹ! Ká ní ìyá ẹ bí àga ni, à bá rí nǹkan jókòó lé!"

Ó sáré dé ìlà ìsàlẹ̀, ìdì pèrègún lábẹ́ apá.

"Nabifo! Wá wo igi ẹ! Mò ń lọ gbìn ín síbi tí ewúrẹ́ mi á ti máa tọ̀ sí i! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ ò dùn, ọbẹ̀ ẹ ò dùn, ìdí tí ọkọ ẹ fi ń jẹun ní ìlú nìyẹn!"

Gbogbo ilẹ̀kùn òkè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Walimbwa tí kì í yára, tí kì í bínú, ló kọ́kọ́ fò jáde láìwọ bàtà, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ tẹ̀ lé ìyàwó. Nabifo jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti orógùn lọ́wọ́, àwọn ọmọ mẹ́rin yòókù sáré tẹ̀ lé e. "Ẹ mú un! Ẹ má jẹ́ kó lọ! Olè ilẹ̀!" Ta ni yóò dúró sílé lọ́jọ́ tí Namutosi ṣe ohun tí wọ́n ti ń retí kó ṣe láti ọgbọ̀n ọdún?

Namutosi kọrí sí ilé alága. Ó ń tiro, ó ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, òjò ń wọ̀ ọ́ lójú. Bó bá rí i pé wọ́n fẹ́ dẹwọ́, á ju pèrègún kan sẹ́yìn, á sì fi èébú kan tẹ̀ lé e. Ó bú olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kí ìyẹn lè jáde. Ó bú bàbá arúgbó kan tó ń gbé ní kọ̀rọ̀ òkè, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀, bàbá náà sì gbé ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ó gun orí òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ sí òdìkejì, ó sì ṣubú sí àgbàlá Khaukha níbi tí alága ti ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè.

Walimbwa gbá a mú lọ́rùn aṣọ. Nabifo fi orógùn lù ú léjìká lẹ́ẹ̀mejì.

"Kà wọ́n!" Namutosi ń pariwo láti ilẹ̀. "Khaukha, kà wọ́n! Gbogbo ará abẹ́ òkè, ṣé wọ́n pé?"

"Kà kí ni? Ìwọ ni wọ́n á—"

Ilẹ̀ mì. Ohùn kan dìde láti ẹ̀yìn òkè, bí ìgbà tí wọ́n bá da ẹgbẹ̀rún àpò kọfí sórí páànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, lẹ́yìn náà ni òórùn ilẹ̀ tútù dé, òórùn ilẹ̀ tí oòrùn kò rí rí. Nígbà tí wọ́n gorí òkè wò ó, ilé Walimbwa kò sí. Ilé Namutosi kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ti Nabifo. Láti ojú yàrà gan-an ló ti ya, ní ìlà tààrà, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Gbogbo kọfí, gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀, màlúù Walimbwa, gbogbo ewúrẹ́, wọ́n ti wà nínú odò.

Èèyàn mẹ́tàlélógún ló ń gbé abẹ́ òkè náà. Khaukha kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mẹ́tàlélógún ni.

Kò sí ẹni tó dúpẹ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kò ní ọpẹ́ lọ́wọ́, Namutosi náà kò sì béèrè. Ó jókòó sórí àpáta, ó ń wo egbò náà, ó mọ ohun tó kù. Lọ́sẹ̀ yẹn, òjò mẹ́rin rọ̀, òjò kọ̀ọ̀kan sì bu tirẹ̀. Àgbàrá gbẹ́ kòtò mẹ́ta sí àárín ilẹ̀ pupa náà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ránṣẹ́ pé ẹrẹ̀ ti dí páìpù omi àwọn, pé kí wọ́n bá àwọn sọ fún òkè kó dúró.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Khaukha parí ẹjọ́. Kò ṣe àwàdà.

"Olè kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fa pèrègún tu wà. Òfin wa ò sọ pé 'àfi tí òkè bá fẹ́ ya'. Namutosi, ewúrẹ́ kan."

"Ewúrẹ́ mi wà lábẹ́ òkè. Ẹ lọ hú u."

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà òjò rẹ̀ àti ìwé. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjò àrọ̀jù ló fà á, pé àmúwá Ọlọ́run ni.

"Kọ yàrà síbẹ̀," Namutosi wí.

"Màyí, yàrà máa ń dáàbò bo ilẹ̀ ni—"

"Kọ ọ́! Kọ pé èmi Namutosi ni mo bú ọkùnrin yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí ó fi gbẹ́ ẹ. Kọ pé ìwọ lo ní kó gbẹ́ ẹ. Kọ pé nínú wa, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Kí o kọ orúkọ mi kó tóbi."

Ọ̀gá yí ìwé náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù yìí, Màyí."

Namutosi dìde. Ọkọ́ Khaukha wà lára ògiri, ó gbé e. Ní apá ìlà-oòrùn òkè, yàrà mẹ́fà mìíràn wà tí òun fúnra rẹ̀ ti lé àwọn èèyàn gbẹ́, ilé mẹ́sàn-án sì wà lábẹ́ wọn. Ó ti dé ìdajì ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nabifo ni, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣọ́bìrì tó yá wà léjìká rẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dá lọ? Ewúrẹ́ kan lẹ jẹ, ẹ ò tíì san án, ẹ ti fẹ́ sá."

"Padà sílé."

"Ilé wo?"

Wọ́n jọ gòkè dé yàrà àkọ́kọ́. Wọ́n la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi tú jáde, ó gba orí àpáta lọ, ó sì wọ́ ilẹ̀ dání, ilẹ̀ dúdú tó dára, tí ẹ̀wà ti ń hù lórí rẹ̀. Namutosi dáwọ́ dúró.

"Kí lẹ̀ ń wò?" Nabifo wí. "Ilé mẹ́sàn-án ló wà nísàlẹ̀. Ó kéré, ẹ tún un là."

Namutosi gbé ọkọ́ sókè, ó sọ ẹnu ibẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Ilẹ̀kùn kan ṣí nísàlẹ̀, ọkùnrin kan sì jáde, ó ń so ìgbànú rẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan yàrà mi? Ẹ̀wà mi rèé tó ń lọ!"

Namutosi yíjú sí i. Nabifo náà yíjú sí i, àwọn méjèèjì sì la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà wo Namutosi, ó sì wo Nabifo tó ti pe obìnrin náà lólè rí, tó wá dúró tì í báyìí. Ó wọlé padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.